Ọkọ̀ èrò láti Ìkòròdú sí Èkó: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí owó, ìlà àti ọkọ̀ tí kò tó

Àwọn ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń bi mí lórí ìlà ní Garage Ìkòròdú, nínú ọkọ̀, àti nínú ìpàdé àdúgbò. Mo tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó.

Ta ló ni BRT gan-an, ọkọ̀ èrò ńlá tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ yìí, ìjọba ni àbí iléeṣẹ́ aládàáni?

Àwọn méjèèjì ló pín in ṣe. Ojú ọ̀nà, ibùdókọ̀, àfárá ẹlẹ́sẹ̀ àti ètò káàdì, ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ni. LAMATA, àjọ ìrìnnà ìpínlẹ̀ tí òfin ọdún 2002 gbé kalẹ̀, ló ń bójú tó wọn. Ọkọ̀ tó ń rìn lórí rẹ̀, awakọ̀, epo àti mẹkáníìkì wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó gba iṣẹ́ náà ṣe. Àmọ́ iléeṣẹ́ kò lè dá fi kún owó ọkọ̀. Ìjọba ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ kò bá wá, iléeṣẹ́ á ní iye tí ìjọba ní kí àwọn máa gbà kò kájú epo, ìjọba á ní àdéhùn ni àdéhùn. Èrò tó wà lórí ìlà kò sí níbi tí wọ́n ti ń bára wọn sọ ọ́.

Ìgbà wo ló dé Ìkòròdú?

Ọjọ́ 17 oṣù kẹta 2008 ni BRT bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, láyé Gómìnà Babatunde Fashola, láti Mile 12 dé CMS ní Erékùṣù Èkó, kìlómítà 22. Nígbà náà, danfo la máa ń wọ̀ dé Mile 12 kí a tó rí i wọ̀. Oṣù kọkànlá 2015 ni Gómìnà Akinwunmi Ambode ṣí èyí tó gba Májídùn wá sí ọ̀dọ̀ wa, kìlómítà 13.5. Ẹ ro méjèèjì pọ̀: ẹni tó wọkọ̀ ní Garage tó sọ̀ ní CMS ti rin kìlómítà márùndínlógójì àti ààbọ̀. Ẹ má gbàgbé iye yìí, a máa padà sórí rẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kì í gba owó lọ́wọ́ mọ́, tó jẹ́ káàdì Cowry nìkan?

Owó tó bá gba ọwọ́ mẹ́ta kọjá kì í pé délé. Nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì bébà wà, owó ń jò lójú ọ̀nà, ìjà ṣéńjì náà kò sì tán. Ní báyìí, káàdì kan náà lẹ ó fi wọ BRT, lẹ ó sì fi wọ reluwé Blue Line àti Red Line.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé káàdì ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ó mọ iye èèyàn tó wọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Agric láàárín aago márùn-ún sí mẹ́fà ìdájí, ó mọ ọjọ́ tí wọ́n pọ̀ jù. Ẹni tó ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ máa méfò iye ọkọ̀ tó yẹ kó jáde. Ìṣòro rẹ̀ ni ti ẹni tí owó tán lórí káàdì rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lọ. Ẹ máa fowó sí i lálẹ́ kẹ́ ẹ tó sùn.

Owó tí à ń san, ṣé kò tó láti gbé ọkọ̀ rìn ni?

Kò tó. Mo mọ̀ pé ó le láti gbọ́, pàápàá fún ẹni tí owó ọkọ̀ ti ń jẹ owó oṣù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ èrò ńlá kan ní ìnáwó tó ń bá a lọ bó rìn bó jókòó: owó oṣù awakọ̀ méjì tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, èlé orí owó tí wọ́n yá láti rà á, owó adójútòfò, owó ilẹ̀ tó ń sùn sí. Bó bá wá rìn, dísẹ́ẹ̀lì, ọ́ìlì, taya àti bíréèkì tún dé. Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í kà mọ́ ọn ni owó tó yẹ kí wọ́n máa tọ́jú díẹ̀díẹ̀ láti fi ra òmíràn nígbà tí èyí bá gbó.

Tí wọ́n bá ní kí èrò san gbogbo rẹ̀, owó ọkọ̀ á wọ́n débi pé ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ gbé ọkọ̀ náà jáde kò ní lè wọ̀ ọ́ mọ́. Tí wọ́n bá ní kó má wọ́n, ẹnìkan gbọ́dọ̀ san ìyókù. Bí kò bá sí ẹni tó san án, ara ọkọ̀ ni wọ́n ti máa yọ ọ́: wọn ò ní pààrọ̀ taya lásìkò, ẹ̀rọ amúlétutù á kú, ìjókòó á ya, ọkọ̀ mẹ́wàá á di méje, méje á di mẹ́rin. Gbogbo wa ló ti fojú rí i.

Kí ló dé tí ìlà fi ń gùn tó bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, tí a sì ń rí ọkọ̀ òfìfo tó ń bọ̀ ní òdìkejì?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn láti dáhùn jù, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ìṣòro náà wà.

Ẹ dé Garage ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Ajé kẹ́ ẹ wò ó. Ìlà á ti lọ́, àwọn obìnrin á ti fi ìborùn bo orí nítorí ìrì, alákàrà á ti ta agbada kìíní tán, ọmọ iléèwé á máa tòògbé lórí ìdúró, á gbé orí lé báàgì ẹni iwájú. Gbogbo èèyàn yìí ń lọ sí apá kan náà láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí ọkọ̀ bá já wọn sílẹ̀ ní CMS, ta ló fẹ́ gbé padà wá sí Ìkòròdú ní aago mẹ́jọ àárọ̀? Bóyá nọ́ọ̀sì tó ṣe iṣẹ́ òru, àti àwọn mélòó kan tó lọ sùn lọ́dọ̀ ẹbí.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ kan gbé 70 èèyàn lọ, tó sì gbé 8 bọ̀. Ó ti rin kìlómítà 71 ní àlọ àti àbọ̀, ó sì ti jó epo kìlómítà 71, àmọ́ èèyàn 78 péré ló sanwó. Ká ní ó kún lọ tó sì kún bọ̀ ni, 140 ni ì bá sanwó. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó kún bámúbámú lójú yín kì í fi í pa owó tó bí ẹ ṣe rò. Láàárín aago mọ́kànlá àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán, ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n rà nítorí ìdájí á jókòó. Awakọ̀ ò ní tìtorí ìyẹn má gba owó oṣù rẹ̀.

Ẹ wá fi sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kún un. Ọkọ̀ tó há sí Kétu tàbí Ọ̀jọ́ta fún wákàtí kan ti pàdánù ìrìn kejì tó yẹ kó ṣe kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ọkọ̀ kan tó bá ṣe ìrìn méjì láàárọ̀ ti ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ méjì, láì jẹ́ pé wọ́n fi kọ́bọ̀ kan ra òmíràn. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá ṣèlérí ọkọ̀ tuntun fún Ìkòròdú, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni iye ìrìn tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á ṣe kó tó di aago mẹ́sàn-án.

Ọ̀nà kan tún wà tí a kì í so mọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ sí i ní Òdógunyàn àti Ìmọ̀tà, tí àwọn kan ń ti Mile 12 àti Kétu bọ̀ wá ṣiṣẹ́ níbí láàárọ̀, ọkọ̀ ò ní máa padà lófìfo mọ́. Ìlú tí ibi iṣẹ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ibi oorun wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọkọ̀ rẹ̀ á máa jẹ gbèsè títí.

Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà nínú kí ọkọ̀ mìíràn gba ojú ọ̀nà BRT nígbà tó bá ṣófo?

Òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó kò fàyè gbà á, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà yẹn gbọ́dọ̀ ṣófo kí ọkọ̀ tó lè sáré lórí rẹ̀. Bí jíìpù kan ṣoṣo bá dẹnu kọlẹ̀ síbẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, àádọ́rin èèyàn ló dá dúró. Láti Mile 12 wọ Èkó, àwọn ibì kan wà tó jẹ́ ọ̀dà lásán ni wọ́n fi ya ojú ọ̀nà náà sọ́tọ̀, ibòmíràn sì wà tí gbogbo ọkọ̀ ti ń pàdé. Ibẹ̀ gan-an ni àkókò wa ń ṣòfò sí. Èyí tó dùn mí jù ni ọkọ̀ àwọn aláṣẹ tó ń fọn fèrè kọjá níbẹ̀, torí àwọn ni danfo ń wò ṣe.

Kí ló ń pa àwọn ọkọ̀ náà? Kò tíì pẹ́ tí wọ́n kó wọn dé.

Ẹ̀yà ara ọkọ̀ wọ̀nyí, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá, dọ́là ni wọ́n sì ń fi rà á. Ṣáájú oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba. Nígbà tó fi di ìparí 2024, ó ti ń lọ sí nǹkan bí 1,500. Èrò kò san owó ìlọ́po mẹ́ta láàárín àkókò náà, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè san án. Àmọ́ ẹni tó ń ta ẹ̀rọ jíà kò mọ ìyẹn.

Mo ti dúró rí lẹ́nu ọgbà kan tí wọ́n ń kó òkú ọkọ̀ sí. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé lé búlọ́ọ̀kù, koríko ti gba abẹ́ rẹ̀, gíláàsì iwájú rẹ̀ ṣì mọ́ rekete. Mẹkáníìkì kan tó ń jẹun nítòsí sọ fún mi pé bẹ́líìtì kan ló kọ́kọ́ mú un dúró. Bẹ́líìtì yẹn kò tètè dé. Kó tó dé, wọ́n ti tú ọtáńnétọ̀ rẹ̀ fún ọkọ̀ kan, wọ́n ti tú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fún òmíràn, taya mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí bẹ́líìtì ń ṣe ṣe kú. Owó ọkọ̀ tuntun máa ń wà nínú ètò ìṣúná. Owó bẹ́líìtì ni kì í tètè jáde.

Àwọn ọkọ̀ mìíràn sì wà tí kì í ṣe ìbàjẹ́ ló pa wọ́n. Nínú rògbòdìyàn oṣù kẹwàá 2020, wọ́n dáná sun ọkọ̀ èrò tó pọ̀ ní ibùdókọ̀ Ọyìngbò àti ti Berger. Iná jó owó wa níbẹ̀.

Kí ni yíyọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí?

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan fò láti nǹkan bí 190 náírà sí ohun tó lé ní 480. Danfo, kọ̀rọ́pẹ́ àti márúwá, gbogbo wọn ló fi kún owó wọn lọ́sẹ̀ náà.

Ọ̀pọ̀ rò pé ìgbà náà ni ìyà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ BRT. Dísẹ́ẹ̀lì ni àwọn ọkọ̀ ńlá ń lò, kò sì sí owó ìrànwọ́ lórí dísẹ́ẹ̀lì láti ọjọ́ pípẹ́. Oṣù kìíní 2022, lítà rẹ̀ kò tó 300 náírà. Oṣù kẹfà ọdún kan náà ó ti lé ní 700, nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Yukréìn dá ọjà epo ayé rú. Nítorí náà, ó ti tó ọdún kan kí ìlú tó pariwo tí ọkọ̀ ti ń dín kù ní Garage.

Ẹ̀dínwó tí ìjọba ṣe ńkọ́?

Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 2023, Gómìnà Sanwo-Olu gé owó ọkọ̀ ìjọba sí ìdajì. Nígbà tó di oṣù kejì 2024, ẹ̀dín náà di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ó ran èèyàn lọ́wọ́, mo sì dúpẹ́ fún un.

Àmọ́ ẹ wo ẹni tó ń ti Ìjẹ̀dẹ́ tàbí Ìgbógbó bọ̀. Kọ̀rọ́pẹ́ tàbí márúwá ló máa wọ̀ dé Garage, kò sì sí ẹ̀dín kankan lórí ìyẹn. Láwọn ìgbà mìíràn, òun gan-an ló gba owó jù nínú ìrìn àjò náà bí ẹ bá fi kìlómítà wọ̀n ọ́n. Ìrànwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì ńlá nìkan kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jìnnà sí títì. Ibi tí mo rò pé ó yẹ kí owó ìrànwọ́ tó ń bọ̀ lọ nìyẹn.

Danfo kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, ó sì ń rìn. Kí ló dé tí BRT kò lè ṣe bíi tirẹ̀?

Danfo kì í gbéra títí yóò fi kún. Ìyẹn nìkan ti yọ ọ́ nínú wàhálà ọkọ̀ òfìfo. Bí òjò bá rọ̀, á fi owó kún un. Bí ọ̀nà bá dí, á já yín sílẹ̀ ní Òwòdé, á yí padà. Tòkunbọ̀ ni wọ́n rà á. Lálẹ́, awakọ̀ á kó owó ọlọ́kọ̀ fún un, ohun tó kù ni tirẹ̀, bí kò bá sì kù, ebi ló máa sùn. Kò sí owó oṣù, kò sí ìsinmi, kò sí ìwòsàn.

Nínú iye tí ẹ ń san fún danfo, owó àwọn ẹlẹ́gbẹ́ gáréèjì náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kejì 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ gbé owó àpapọ̀ 800 náírà lójúmọ́ kalẹ̀ fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kí gbígba tibí-tọ̀hún lè dópin. Ẹ bi kọ́ńdọ̀ èyíkéyìí ní Mile 12 bóyá ó dópin.

Nítorí náà, danfo náà ń gba ìrànwọ́. Ara awakọ̀ ni wọ́n ti ń gbà á, àti ara ẹ̀yin tó jókòó sórí pákó tí ìṣó yọ lára rẹ̀. Mi ò bú wọn. Àwọn ló ń gbé ìlú yìí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ńlá kò sí.

Ní ìlú òyìnbó, ṣé owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n fi ń gbé e?

Rárá. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù wà lára àwọn tí owó èrò ń gbé jù, síbẹ̀ nígbà tí kòrónà dé tí èrò kò wọkọ̀ mọ́, léraléra ni ìjọba àpapọ̀ wọn ń fowó ràn wọ́n lọ́wọ́ kí ọkọ̀ má baà dúró. Láti 2003 ni wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá wa ọkọ̀ àdáni wọ àárín ìlú, òfin sì ní ọ̀rọ̀ ìrìnnà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi èrè rẹ̀ ṣe. New York bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní 2025, dọ́là 9 fún mọ́tò kan ní wákàtí tí ọ̀nà ń dí. Ní Paris, iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ mọ́kànlá sókè ń san owó orí pàtàkì fún ọkọ̀ èrò, torí ọkọ̀ náà ló ń gbé òṣìṣẹ́ wọn wá.

Ti Hong Kong ló yàtọ̀ jù. Iléeṣẹ́ reluwé wọn ń gba ilẹ̀ lórí ibùdókọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á kọ́ ilé gbígbé àti ilé ìtajà síbẹ̀, èrè ibẹ̀ sì ń gbé ojú irin. Mo máa ń ronú kan èyí tí mo bá ń kọjá ní Agric. Kí BRT tó dé àti lẹ́yìn tó dé, owó ilẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Owó gbogbo ìlú ló fi kún iye ilẹ̀ náà, onílẹ̀ nìkan ló jẹ èrè rẹ̀, ọkọ̀ kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ṣé a ò lè sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ pátápátá?

Luxembourg ṣe é láti 2020, gbogbo orílẹ̀-èdè. Tallinn ní Estonia ti ṣe é fún àwọn ará ìlú rẹ̀ láti 2013. Luxembourg lówó gan-an, gbogbo èèyàn inú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 600,000 nígbà náà, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú nìkan lọ, tí ètò ìkànìyàn 2006 ti ka èèyàn tó lé ní 500,000 níbẹ̀.

Tiwa yàtọ̀: àìtó ọkọ̀ ló ń dààmú wa. Bí ẹ bá sọ ọkọ̀ tí kò tó di ọ̀fẹ́, ìlà á gùn sí i ni. Ẹni tó lágbára láti ti èèyàn á wọlé, aláboyún á dúró sílẹ̀.

Reluwé ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Ìgbà wo ni tiwa?

Ó wà nínú ìwé ètò ìjọba: Orange Line, tí wọ́n ní yóò ti Ìkẹjà wá sí Àgbọ́wà, lápá ọ̀dọ̀ wa níbí. Kò tíì sí irin kankan nílẹ̀. Ẹ má ta ilẹ̀, ẹ má ra ilẹ̀ nítorí rẹ̀ o.

Ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó fún àwọn tó ti rí i. Láyé Gómìnà Lateef Jakande ni Èkó ti fọwọ́ sí ètò reluwé kan tí wọ́n ń pè ní Metroline. Ìjọba ológun Buhari fagi lé e ní 1985, ìpínlẹ̀ sì pàdánù ohun tó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là. Blue Line láti Mile 2 dé Marina, kìlómítà 13 péré, gbà ju ọdún mẹ́wàá lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2023. Red Line láti Àgbàdò dé Ọyìngbò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2024. Reluwé dára, ó ń gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì mọ sún-kẹẹrẹ. Àmọ́ owó rẹ̀ pọ̀ débi pé gómìnà kan lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó má lè parí rẹ̀, èyí tó sì tẹ̀ lé e lè máà fẹ́ràn rẹ̀.

Omi yí wa ká. Kí ló dé tí a ò lọ gba ojú omi?

Láti Ìpakòdò dé CMS lórí omi, kò tó wákàtí kan, a ò sì ní rí Mile 12 sójú rárá. LASWA ti wà láti 2008 láti máa ṣàkóso ojú omi, ọkọ̀ ojú omi ìjọba àti ti aládàáni sì ń rìn láti Ìpakòdò, Ìbẹ̀ṣẹ́, Báyékù àti Ìjẹ̀dẹ́.

Ìdí tí kò fi gbé ẹrù náà kúrò lórí títì ni pé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kéré, epo rẹ̀ ń jẹun, ewéko orí omi máa ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ rìn lálẹ́. Ẹni tó bá parí iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́ kò ní rí i wọ̀ padà. Ẹ̀rù náà sì wà, torí a ti gbọ́ ìròyìn ọkọ̀ tó dojú dé. Ẹ má wọ ọkọ̀ tí kò bá fún yín ní aṣọ agbéniléfòó, bó ti wù kẹ́ ẹ kánjú tó. Ètò Omi Èkó tí àwọn ará Yúróòpù ń bá ìpínlẹ̀ ṣe, mílíọ̀nù 410 yúrò, fẹ́ gbẹ́ ojú ọ̀nà omi, kọ́ èbúté, kó sì kó ọkọ̀ oníná mànàmáná wá. Òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù fún Ìkòròdú, jù reluwé lọ.

Wọ́n ní World Bank ló fún wa lówó BRT. Ṣé ẹ̀bùn ni?

Ẹ̀yáwó ni. Mílíọ̀nù 100 dọ́là ni apá àkọ́kọ́ tí Báńkì Àgbáyé yá fún ètò ìrìnnà Èkó ní 2002, òun àti iléeṣẹ́ ìdàgbàsókè ti ilẹ̀ Faransé ni wọ́n sì tún fi owó sí ọ̀nà Mile 12 sí Ìkòròdú. Èlé rẹ̀ kéré, ọdún rẹ̀ gùn. Ìjọba àpapọ̀ ló ń yá a kó tó fà á lé ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì ń yọ ìdápadà rẹ̀ láti orísun, kí owó oṣooṣù Abuja tó dé Alausa. Bí náírà bá já, gbèsè náà á wú láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni yá kún un. Kò burú láti yáwó kọ́ ọ̀nà tó máa lo ogójì ọdún. Ohun tó burú ni kí a yáwó dọ́là kọ́ ọ̀nà, kí ọkọ̀ má sì wà lórí rẹ̀.

Ọkọ̀ gáàsì tàbí ti iná mànàmáná, ṣé ó lè yanjú ọ̀rọ̀ epo?

Ó lè dín in kù. Dakar ti ń lo ọkọ̀ BRT oníná láti 2024. Níbí, LAMATA àti iléeṣẹ́ epo Oando kó méjì wá fún ìdánwò ní 2023. Ọkọ̀ oníná wọ́n gan-an ní rírà, ó sì rọjú ní lílò. Ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́ lónìí ló lè jẹ èrè rẹ̀ lọ́la. Ti gáàsì, ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ gbọ́dọ̀ wà nítòsí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlà ọkọ̀ ní ibùdó gáàsì á rọ́pò ìlà èrò ní Garage. Bẹ́líìtì tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọkọ̀ náà ní tiwọn.

Bí wọ́n bá tún ní kí a fi kún owó ọkọ̀, ṣé kí a gbà?

Ibí yìí ni èmi àti ọ̀pọ̀ ará àdúgbò mi kì í ti í fẹnu kò. Èrò tèmi ni pé kí a gbà, bí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ iye ọkọ̀ tó máa jáde ní Garage láàárín aago márùn-ún sí méje lójoojúmọ́ síta, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ibùdókọ̀ níbi tí gbogbo ojú á ti rí i. Oṣù tí iye náà kò bá pé, kí owó padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ọmọ iléèwé àti àgbàlagbà kò gbọdọ̀ sí nínú àfikún náà. Káàdì lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kò ṣòro. Ìyókù owó tí èrò kò san, kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ ọ́ sínú ètò ìṣúná pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì san án lóṣooṣù. Owó tí wọ́n bá san lẹ́yìn ọdún kan, òkú ọkọ̀ ló máa bá.

Àwọn kan á ní ta ló máa ka ọkọ̀. Àwa náà ni. Mo ti ń ṣe é: ìwé jọ́tà kan, bírò kan, láti aago márùn-ún títí di méje, mo ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti àsìkò tó gbéra. Èmi nìkan ò lè ṣe é lójoojúmọ́, mo níṣẹ́ tí mo ń lọ. Bí ẹni kan bá gba Agric, tí ẹlòmíràn gba Ògolónto, tí a sì ń gba ọjọ́ fún ara wa, a máa ní àkọsílẹ̀ oṣù kan lọ́wọ́ kí ìpàdé àdúgbò tó ń bọ̀ tó pé.